Ilẹ̀ tí Olóyè Yóò Tẹ̀

Àtìní, 14 Épírì 2025

Òjò rọ̀ lánàá láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà wa ní Oyibi, lẹ́yìn Accra, sì di odò. Mo pè é ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n àpọ́nlé ni. Gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tí mo dà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni ọ̀gbàrá ti gbá lọ sí ẹnu géètì, ó wá fi kòtò gbọọrọ sílẹ̀ tó lè gbé ewúrẹ́ mì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Olóyè, ẹṣin ìyàwó mi, yàn láti máa yí gbirigbiri nílẹ̀ pé inú ń run òun.

Dókítà Zuweira tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin wa sáré wá láti Adenta. Mọ́tò rẹ̀ rì sí àárín ọ̀nà. Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó gbé báàgì oògùn lé orí, ó fẹsẹ̀ gun òkè wá bá wa nínú ẹrẹ̀. Ìyá Afeefah, ìyàwó mi, ti ń fa Olóyè rìn yí ọgbà ká kó má baà dùbúlẹ̀, òjò ń lu òun àti ẹṣin. Èmi dúró lábẹ́ òrùlé, mo di agbòjò mú. Kí n má parọ́ fún ìwé ara mi, ẹ̀rù ẹṣin ń bà mí. Ọmọ ẹlẹ́ṣin láti Ìlọrin ni mo fẹ́, Afeefah ọmọ wa ti wọ yunifásítì ní Kumasi, síbẹ̀ n kò tíì gun ẹṣin rí.

Inú Olóyè rọlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kí dókítà tó lọ, ó fọwọ́ tẹ iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀, èyí tó fàya lọ́dún tó kọjá nígbà tó jìn sí ihò nínú pápá tí a ti ń gun ẹṣin. Ó ní ó ti jinná. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn Iléyá, ní ọjọ́ kẹrìnlá Júùnù, láti wò ó bóyá Ìyá Afeefah lè tún gùn ún.

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yín gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó sì rọ̀," ló wí. "Bó bá tún jìn sí ihò, tàbí tó tẹ òkúta, iṣan yẹn á já. Tó bá já, kò sí ohun tí mo lè ṣe fún un mọ́."

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Olóyè ti bàjẹ́, Ìyá Afeefah kò gun ẹṣin kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn wà nílé tí àwọn ọmọ iléèwé ń wá fi kọ́ ìgùn. Ó ní òun kò lè máa gun ẹlòmíràn níṣojú Olóyè. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, n kò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Àlàrùbá, 16 Épírì

Mo ti pinnu. Ọ̀nà àti pápá, èmi ni n ó tún méjèèjì ṣe. Títí di òní, igi ọ̀pẹ ni Kwabena tó ń wa katakata wa ń so mọ́ ìdí rẹ̀ tó fi ń wọ́ ilẹ̀, igi náà a sì máa fò lórí kòtò bí ẹni pé kò rí i. Ó yẹ kí á ra nǹkan gidi tí katakata á máa wọ́ lẹ́yìn.

Kwabena ní oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, bìléèdì lásán, bí ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n dá bùú. Èkejì, àpótí onírin tí kò nísàlẹ̀, tó ní eyín níwájú àti bìléèdì lẹ́yìn: eyín á tú ilẹ̀, àpótí á kó o, bìléèdì á tẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta, ẹní irin, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n hun bí ẹní tí wọ́n ń wọ́ lórí yanrìn. Ojú Kwabena ń tàn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ àpótí. Èmi náà, ojú mi tàn. Ohun tó lè ṣe iṣẹ́ méjì, kí ló dé tí ọmọ oníṣòwò á fi ra méjì?

Mo sọ fún Ìyá Afeefah. Ó ní, "Ó dára fún ọ̀nà, Bàbá Afeefah. Nínú yanrìn ńkọ́?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ni ilẹ̀."

Ó wò mí, ó ń bọ́ Olóyè ní koríko lọ.

Sátidé, 26 Épírì

Inú mi dùn débi pé n kò jẹun ọ̀sán.

Màdáámù Abena ló ni ọgbà irin kan lójú ọ̀nà Nsawam, níbi tí wọ́n ti ń tú àlòkù ẹ̀rọ oko láti inú àwọn kọ̀ńténà. Obìnrin tó ga, tó wọ gíláàsì, tó ń jókòó sórí táyà katakata bí ọba lórí ìtẹ́. Mo rí àpótí kan níbẹ̀, irin rẹ̀ nípọn, kò dípẹtà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kọ́kọ́ ní àpótí náà ti gbó. Mo fi ẹsẹ̀ ta á. Mo ní n ó máa lọ. Mo lọ lóòótọ́, mo dé ibi tí Kwabena gbé ọkọ̀ sí, mo padà. Ẹni tó bá mọ ọjà ná kì í kánjú.

Nígbà tí a fẹnu kò, tí mo sanwó, mo wá béèrè èènì mi. Màdáámù Abena bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Alata! Bí Ọlọ́run bá gbé yín wọ ọ̀run, ẹ ó ní kó fi ntosoɔ sí i!"

Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ntosoɔ sì ni èènì lédè wọn. Mo ní, "Màdáámù, ẹni tó tajà tí kò fi èènì sí i, oníbàárà rẹ̀ kì í padà wá. Èmi náà ń ta bóòtì àti nọ́ọ̀tì ní Kokomlemle, mo sì ń fi ọ̀kan kún un fún ẹni tó bá rà púpọ̀."

Ó wo ilẹ̀ yíká, ó na ọwọ́ sí ìdí ògiri, ó ní kí wọ́n gbé odidi ọ̀wọ́ eyín mìíràn kún un fún mi. Gígùn! Ó gùn ju ti inú àpótí lọ ní ìlọ́po méjì. Kwabena pàtẹ́wọ́. Mo rìn jáde bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Àìkú, 27 Épírì

Kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan àpótí yìí. Kwabena fi eyín kúkúrú tú ọ̀nà láti ẹnu géètì dé ilé ẹṣin, àpótí sì ń kó òkúta wẹ́wẹ́ tí òjò ti gbá lọ padà wálé bí ìyá tó ń kó ọmọ rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ó sọ apá kan àpótí náà kalẹ̀ díẹ̀, ó wọ́ ọ lọ, ó wọ́ ọ bọ̀, títí àárín ọ̀nà fi yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́.

Ìyá Afeefah rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Afeefah. Ó dára gan-an." Ẹnu rẹ̀ kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Jímọ̀, 2 Méè

Áà.

Ìyá Afeefah lọ sí ọjà Makola láàárọ̀ láti ra aṣọ tí a ó fi rán ìbora ẹṣin. Mo ní kí n ṣe ohun ìyanu fún un kó tó dé. Yanrìn inú pápá ti le, koríko ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí Kwabena fi eyín gígùn sí i.

Kwabena ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ní jìn jù?"

Mo ní, "Èènì ni. Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan kò gbọdọ̀ fi pamọ́."

Ó wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, katakata ń ké. Ní ìgbà àkọ́kọ́, yanrìn tú dáadáa, ó rí fúyẹ́fúyẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yí padà ni mo gbọ́ tí irin ń ha nǹkan. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ìgbà tí wọ́n ń wu iṣu. Pupa, mímú, òmíràn tó ìkúùkù. Kí n tó pariwo kí Kwabena tó gbọ́, ó ti wọ́ ọ já láti etí kan pápá dé èkejì.

Òkúta yẹn ni ìpìlẹ̀ pápá. Ìyá Afeefah fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn tó tẹ́ ẹ lọ́dún tí a ra ilẹ̀ náà, nínú oòrùn, tí wọ́n fi rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó da yanrìn lé e lórí. Yanrìn náà kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn gbàgbé nítorí èènì.

Nígbà tó dé, mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ó gbé aṣọ Makola sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú pápá, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀ kó tó jẹ́ kí ẹṣin kankan wọ ibẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òun ni ẹsẹ̀ wọn. Mo rí i tó dúró, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó yọ òkúta lábẹ́ rẹ̀, tó tún ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó jáde.

"Ta ló ní kí wọ́n fi eyín gígùn sí i?"

"Èmi ni."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Abena ló fún mi. Èènì ni."

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe èènì nínú ilé yìí. Ọmọ, àgbà, àlejò. N kò fẹ́ gbọ́ ọ."

Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Sátidé, 3 Méè

Mo rò pé Ìyá Afeefah á ní kí á fi pápá sílẹ̀, pé Olóyè á máa jẹ koríko títí ọjọ́ ayé rẹ̀. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́. Nígbà tí mo kírun àárọ̀ tán, mo bá a nínú pápá, ó ti fi okùn pín in bí ebè oko, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa òkúta sínú bàsíà.

Mo ká ṣòkòtò sókè, mo kúnlẹ̀ sí ebè kejì. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàsíà kan sọ́dọ̀ mi.

Àlàmísì, 8 Méè

Òjò. Òkúta. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Àìkú, 11 Méè

Ọwọ́ kò lè ṣa àwọn kéékèèké tán. Lánàá Ìyá Afeefah lọ sí ọjà Kaneshie, ó ra asẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń sẹ́ gàrí lọ́wọ́ ìyá kan tó ní irú gàrí wo ni obìnrin yìí fẹ́ sẹ́ tó fi ń yan ojú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Gàrí ẹṣin." A ń fi ṣọ́bìrì bu yanrìn sí i, òun di etí kan mú, mo di èkejì mú, à ń mì ín. Kwabena ń da ilẹ̀ pupa sí ibi tí ìpìlẹ̀ ti tú, ó ń fi igi wúwo lù ú mọ́lẹ̀.

Lónìí ó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní mò ń mi asẹ́ bí ẹni tí gbèsè ń lé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo ń wò ó nígbà tí oòrùn wọ ojú rẹ̀, yanrìn lórí gèlè rẹ̀, tó ń wo ìsàlẹ̀ asẹ́ bí ẹni ń wá wúrà. Mo ti rí àwọn ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ kárakára ní Accra yìí. Ọjà ni bàbá àti ìyá mi wà títí wọ́n fi darúgbó. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó lè tún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bà jẹ́ ṣe láì fi ẹnu gún ẹni náà láràárọ̀. Bí èmi ni, ǹ bá ti kọ ọ́ lórin.

Àlàrùbá, 14 Méè

Ìyá Afeefah gé wáyà ọgbà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ẹṣin, ó fi igi kan tẹ orí rẹ̀, ó ní kí Kwabena wọ́ ọ lórí yanrìn tí a ti sẹ́. Òun alára dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Wáyà náà kò jìn. Ibi tó ga, ó ń ha á. Ibi tó rì sílẹ̀, ó ń dí i. Kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wáyà já sí méjì.

Ó dìde, ó gbọn ara. "Ẹní irin ni a nílò, Bàbá Afeefah. Kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wúwo, kí ó má ní eyín rárá. Ẹ jẹ́ kí àpótí yín máa ṣe ọ̀nà. Ìyẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ó pè é ní "àpótí yín." Ìbínú náà kò tíì tán nínú rẹ̀ pátápátá.

Jímọ̀, 16 Méè

Mo kírun Jímọ̀ tán, mo gba ọ̀dọ̀ Màdáámù Abena lọ. Mo gbé eyín gígùn dání.

Mo ní, "Màdáámù, mo dá èyí padà."

Ó yọ gíláàsì. "Dá kí ni padà? Ntosoɔ? Látìgbà tí mo ti ń ta irin, ẹnikẹ́ni kò dá ntosoɔ padà rí. Àbùkù ni! Kí ni n ó sọ fún àwọn ènìyàn?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti jinná. Ó dìde kúrò lórí táyà, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi yí ọgbà ká, ó sì na ẹní irin mẹ́ta sílẹ̀ kí n lè yan èyí tó wù mí. Mo gbé etí kan ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè láti mọ bó ṣe wúwo tó. Mo fọwọ́ ra gbogbo ojú ẹ̀wọ̀n kí n mọ̀ bóyá irin kan yọ síta níbì kankan. Èyí tí mo mú, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dán. Ó dá iye lé e, mo sanwó.

Ó ń dúró. Mo ń dúró.

"Alata," ó ní, "ṣé ara rẹ kò yá ni? O kò ná an. O kò béèrè nǹkan."

"Ìyàwó mi ti ṣòfin."

Ó ní kí n kí obìnrin náà dáadáa, pé òun fẹ́ mọ ẹni tó lè pa ẹnu Alata mọ́ lẹ́nu ọjà. Eyín gígùn náà, kò gbà á. Mo ti fi wáyà so wọ́n kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Kokomlemle, níbi tí ojú mi ti lè máa bá wọn pàdé.

Àtàláátà, 20 Méè

Ẹní irin! Ó kọjá lórí yanrìn bí ọwọ́ ìyá lórí ẹ̀yìn ọmọ. Ìyá Afeefah bọ́ bàtà, ó rìn ín já, ó padà, ó ní kí èmi náà bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Yanrìn náà tutù, ó sì rọ̀. Òkúta kan péré ló gún mi ní ìkángun, mo mú un fún un, ó sì fi sí àpò.

Jímọ̀, 30 Méè

Òjò ńlá láti ìdájí. Oríta Circle kún fún omi, tírótírò, ọkọ̀ akérò wa, kò rìn, mo sì wà ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo pe Ìyá Afeefah títí, kò gbé e. Nígbà tó gbé e, mo ń gbọ́ òjò lórí páànù.

"Ọ̀nà ńkọ́?"

"Omi ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò gbé òkúta kankan."

"Pápá ńkọ́?"

"Ó mu omi, ó gbé e mì. Bàbá Afeefah, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ilẹ̀ yín ò lọ ibì kankan."

Iye yanrìn ti tún lọ sókè, wọ́n ní nítorí òjò ni. Kò kàn mí mọ́.

Jímọ̀, 6 Júùnù

Iléyá. A kírun, a pa ẹran, a pín in. Ìyá Afeefah gbé ti Kwabena àti ti Dókítà Zuweira sọ́tọ̀ kó tó gé ti ilé. Gbogbo ará ilé bàbá mi wá, ẹnì kan nínú wọn sì fẹ́ béèrè ẹran díẹ̀ sí i, ó la ẹnu láti pe ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Jímọ̀, 13 Júùnù

N kò lè jẹun. Ìyá Afeefah ń jẹun dáadáa. Ó ń fi òróró pa gàárì tó ti wà lórí ìkọ́ láti ọdún tó kọjá. Mo bi í pé tí dókítà bá ní rárá ńkọ́.

Ó ní, "Tó bá ní rárá, Olóyè á máa rìn lórí ilẹ̀ tó dára. Ìyẹn náà ti tó." Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti pa ojú ibi kan náà lóróró lẹ́ẹ̀mẹrin.

Sátidé, 14 Júùnù

Mọ́tò Dókítà Zuweira gun ọ̀nà wa láti ẹnu géètì dé ẹnu ilé ẹṣin láì dúró. Ó fun fèrè nígbà tó dé, ó yọ orí síta, ó ní òun ti wọ bàtà ẹrẹ̀ wá lásán. Èmi àti Kwabena bọ ara wa lọ́wọ́.

Ó rin pápá yíká, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ iṣan ẹsẹ̀ Olóyè láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí Kwabena fà á rìn, kó fà á sáré díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wò ó. Ó wá dìde, ó ní, "Ẹ gùn ún. Kí ó máa rìn ni o, kó má sáré. Ẹ yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ìyá Afeefah gun orí rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Mo ti gbàgbé bí obìnrin yìí ṣe máa ń rí níbẹ̀. Lórí ilẹ̀, ìyá ilé ni, ẹni tí orúnkún ń dùn, tó ń bá mi jà nítorí agbòjò tí mo gbàgbé sí tírótírò. Lórí Olóyè, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ejìká rẹ̀ rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́ lórí ìjánu, ẹṣin náà sì gbé orí bí ẹni pé òun ni wọ́n ti ń fi pamọ́ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ń lọ, yanrìn ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dá a padà. Èmi di irin ọgbà mú. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú yẹn bá kan ilẹ̀, ọkàn mi náà á kan ilẹ̀.

Wọ́n yí i ká. Wọ́n tún yí i ká. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta pé, dókítà gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dúró. Ìyá Afeefah rí i. Kò dúró. Ó kọjá lára rẹ̀, ó tún ń lọ.

"Màdáámù! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wí!"

Ìyá Afeefah kò wo dókítà. Èmi ló yí ojú sí láti orí ẹṣin, ó sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò rí láti ìgbà tí òkúta ti jáde.

"Èyí tó kù yìí," ó ní, "èènì ni."

Dókítà bi Kwabena pé kí ni wọ́n ń pè ní èènì. Kwabena ní, "Ntosoɔ ni o." Èmi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Olóyè kọjá níwájú mi, ó ń lọ jẹ́jẹ́, kò tiro rárá.